Macy's ń kógbá sílé, ṣé mọ́ọ̀lù náà ti kú nìyẹn? Ìtàn Southdale láti ìbẹ̀rẹ̀

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Macy's ní Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò ti nǹkan bí 150 nínú àwọn ilé ìtajà òun pa, díẹ̀díẹ̀, títí di 2026. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kò ti tán lẹ́nu àwọn ènìyàn wa tó ń gbé lọ́hùn-ún, àti lẹ́nu àwa tí a wà nílé tí a ń gbọ́ ìròyìn látọ̀dọ̀ wọn. Ẹnìkan á ní, "Ṣé mọ́ọ̀lù yẹn ni wọ́n ń tì pa?" Òmíràn á ní, "Ṣebí Macy's ló ni mọ́ọ̀lù náà?" Ẹni tó ti pẹ́ ní Minnesota á sì dá wọn lóhùn pé, "Macy's kẹ̀? Dayton's ni wọ́n ń pe ibẹ̀ nígbà tí mo dé."

Orísun kan náà ni gbogbo ìbéèrè yìí ti ṣàn wá. Ọ̀pọ̀ wa ló ń wo mọ́ọ̀lù bí ilé kan tó ní olówó kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ọlọ́pọ̀ olówó ni, àdéhùn ló so wọ́n pọ̀, bí àdéhùn náà bá sì já níbì kan, ibòmíràn ni ẹ máa ti rí ẹ̀jẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀: Southdale, ní ìlú Edina, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Minneapolis ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Òun ni mọ́ọ̀lù ńlá àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi òrùlé bò pátápátá, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tu inú rẹ̀ lára. Gbogbo ohun tó bá àwọn mọ́ọ̀lù yòókù ló ti bá a, àfi ikú nìkan ni kò tíì kàn án.

Àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀

Ilé ìtajà ńlá ni mo máa pe ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní department store. Olówó kan ló ni gbogbo ọjà inú rẹ̀. Aṣọ obìnrin wà lápá kan, aṣọ ọkùnrin wà lápá kejì. Bàtà, ìkòkò, bẹ́ẹ̀dì, lọ́fínńdà, ẹ̀ka-ẹ̀ka ni wọ́n tò wọ́n, ṣùgbọ́n àpò kan náà ni owó gbogbo wọn ń wọ̀. Àwọn àgbà tó mọ Kingsway ní Marina l'Ékòó nígbà ayé ọjọ́un ti mọ ohun tí mò ń wí. Macy's, Sears, JCPenney, Dayton's, irú rẹ̀ ni gbogbo wọn.

Mọ́ọ̀lù yàtọ̀. Ilé tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà jọ yá ni. Onílé rẹ̀ lè má ta abẹ́rẹ́ kan láti ọdún dé ọdún. Owó ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ayálégbé ń san ni ìkórè tirẹ̀. Ẹ fojú inú wo ilé wa tó ní yàrá mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gùn láàárín. Onílé ló ń tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe, òun ló ń tan iná ìta, kálukú sì ń ṣe tirẹ̀ nínú yàrá. Mọ́ọ̀lù nìyẹn, àfi pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní dígí lókè àti òdòdó nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ìdákọ̀ró. Bí wọ́n ṣe ń pe irin tó ń di ọkọ̀ ojú omi mú ni wọ́n ṣe ń pe ilé ìtajà ńlá tó wà ní ìparí mọ́ọ̀lù, tí èrò ń tìtorí rẹ̀ wá. Àwa náà ti rí i nílé. Nígbà tí The Palms ṣí ní Lekki ní 2005, ènìyàn mélòó ló ń sọ pé "Mò ń lọ sí The Palms"? "Mò ń lọ sí Shoprite" ni. Orúkọ ayálégbé gbé orúkọ onílé mì. Ibi tí ẹ bá ti rí irú èyí, ìdákọ̀ró ni ẹ rí yẹn.

Onílé tó di ọlọ́jà

George Draper Dayton kì í ṣe oníṣòwò aṣọ níbẹ̀rẹ̀. Ará báńkì ni, ní Worthington, ìlú kékeré kan ní gúúsù Minnesota. Ó ra ilẹ̀ kan ní òpópónà Nicollet ní Minneapolis, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ti jóná, ó sì kọ́ ilé alájà mẹ́fà síbẹ̀ ní 1902. Ilé parí, ó wá ku ẹni tí yóò gbé e. Ó rọ ilé ìtajà Goodfellow's kí wọ́n kó wá. Kò pẹ́ tí Goodfellow fẹ̀yìn tì, Dayton ra ọjà náà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó sì di 1903 orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ sára ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ìdílé tó kọ́ mọ́ọ̀lù olórùlé àkọ́kọ́, wíwá ayálégbé ńlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Irú ọjà tí Dayton bọ́ sínú rẹ̀ yìí ti Paris wá ní apá kan. Láti 1852 ni Aristide Boucicaut ti ń yí ọ̀nà ìtajà padà ní Bon Marché níbẹ̀: iye ọjà wà lára ọjà, kò sí dúnàádúrà, ẹnikẹ́ni lè wọlé, kó wò, kó fọwọ́ kàn án, kó sì jáde láìra nǹkan kan, ẹni tó rà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn lè dá a padà. Àwa tí ìná ọjà dùn mọ́ lè sọ pé kí ló wá dùn nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n fún obìnrin tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ nígbà náà, kó rin inú ilé rírẹwà láti àárọ̀ dé ọ̀sán kí ẹnikẹ́ni má sì bú u, nǹkan tuntun pátápátá ni.

Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, irú ilé báyìí ni ọkàn àárín ìlú Amẹ́ríkà. Ní Minneapolis, Dayton's àti Donaldson's dojú kọra wọn ní Nicollet bí orogún méjì. Ọkọ̀ tíráàmù ló ń gbé èrò dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Kí ló gbé oníbàárà kúrò ní ìgboro?

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó ilé, pàápàá fún àwọn ológun tó padà bọ̀. Ilé tuntun tí ẹ̀yáwó yìí ń rà wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti pọ̀, tí àyè mọ́tò sì wà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1956, Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí òfin tó mú kí wọ́n la àwọn títì márosẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìdílé ọ̀dọ́ tó ní mọ́tò kò nílò tíráàmù mọ́, ìgboro sì jìnnà sí wọn.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ilẹ̀kùn ibẹ̀ ṣí fún o. Ní Edina gan-an, àdúgbò Country Club tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1924 ní àkọsílẹ̀ nínú ìwé ilẹ̀ pé ẹni tí kì í bá ṣe aláwọ̀ funfun kò gbọ́dọ̀ ra ilé níbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀, àyàfi bó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ọdún 1948 ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sọ pé kóòtù kankan kò gbọ́dọ̀ fi agbára òfin ti irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mọ́, Minnesota sì fòfin de títún un kọ ní 1953. Nígbà tí Dayton's kéde Southdale ní 1952, ibi tí àwọn olówó aláwọ̀ funfun ń kó lọ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ìtàn mọ́ọ̀lù tí mo ti kà máa ń fo apá yìí, inú mi kì í sì í dùn sí i, torí ó wà lára ìdí tí àárín ìlú fi gbẹ.

Òfin owó orí náà dá sí i. Láti 1954, ẹni tó bá kọ́ ilé ìtajà tuntun lè ṣírò rẹ̀ fún ìjọba bí ẹni pé kíákíá ni ilé náà ń gbó, owó orí rẹ̀ á sì kéré ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ilé tuntun mú èrè ju àtúnṣe ilé àtijọ́ lọ. Àwọn tí kò ní ìfẹ́ ọjà rárá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mọ́ọ̀lù.

Ará Vienna tó fẹ́ kọ́ ìlú

Victor Gruen ni ayàwòrán ilé tí Dayton's gbé iṣẹ́ fún. Ìlú Vienna ni wọ́n ti bí i ní 1903, Júù ni, ó sì sá wá sí Amẹ́ríkà ní 1938 nígbà tí Hitler gba Austria. Ohun tó gbé kúrò nílé lọ́kàn rẹ̀ ni àárín ìlú Vienna: ibi tí ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn, tó ń jókòó mu kọfí, tó ń pàdé ojúlùmọ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ó rí i pé ní ẹ̀yìn ìlú Amẹ́ríkà, mọ́tò ló ń gbé ènìyàn láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù, láti ṣọ́ọ̀bù dé ilé, kò sí ibi ìpàdé. Ó sì kórìíra rẹ̀. Bí ọlọ́jà bá lè sanwó ibi ìpàdé, èrò rẹ̀ ni pé kí a jẹ́ kó san án.

Ó ti kọ́kọ́ kọ́ Northland fún ilé ìtajà Hudson's lẹ́bàá Detroit ní 1954. Gbangba ìta ni ti ìyẹn, Hudson's nìkan ló sì jẹ́ ìdákọ̀ró rẹ̀. Ṣùgbọ́n Minnesota ní òtútù tó ń gún egungun, ooru ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ náà kò sì dẹrùn. Wọ́n ṣírò pé nǹkan bí ọjọ́ 126 péré nínú ọdún ni ojú ọjọ́ dára fún ká máa rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù níta. Ìyókù ńkọ́? Gruen yí àwọn ṣọ́ọ̀bù padà kí wọ́n kọjú sínú, kí wọ́n kọ̀yìn sí títì, ó sì fi òrùlé bo gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹwàá ọdún 1956 ni Southdale ṣí. Nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí. Ṣọ́ọ̀bù 72 ló wà nínú àjà méjì, ibi ìgbọ́kọ̀sí sì gba mọ́tò bí 5,200. Ní àárín rẹ̀ ni àgbàlá ńlá kan wà tó ní igi, òdòdó, ilé kọfí, àti àgò ẹyẹ tó ga fíofío. Bí yìnyín bá ń bọ́ níta, inú lọ́hùn-ún kò tutù ju ilé wa lásìkò ọyẹ́ lọ: nǹkan bí ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n fi sí, tọ̀sán-tòru, tẹ̀ẹ̀rùn-tòtútù. Àwọn tó rọ́ wá lọ́jọ́ náà tó nǹkan bí 75,000.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yìn ín. Frank Lloyd Wright, àgbà ayàwòrán ilé, wá wò ó ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó sì sọ pé ìdààmú òpópónà abúlé wà níbẹ̀ láìsí adùn rẹ̀. Ohun tó dun Gruen gan-an kò tíì dé nígbà náà. Ilẹ̀ tí Dayton's rà fẹ̀ tó éékà 463. Nínú àwòrán Gruen, ilé gbígbé, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ọgbà àti adágún omi ló yẹ kó yí mọ́ọ̀lù ká, kí gbogbo rẹ̀ di ìlú. Àmọ́ bí mọ́ọ̀lù ṣe ń pa owó, bẹ́ẹ̀ ni iye ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń gòkè, ilẹ̀ tó sì ti wọ́n, ẹni tó máa sanwó gọbọi ni wọ́n ń tà á fún. Ilé ìwòsàn dé, ọ́fíìsì dé, títì dé. Ìlú kò dé. Òkun ibi ìgbọ́kọ̀sí ló yí mọ́ọ̀lù ká. Gruen padà sí Vienna ní 1968, ó sì sọ ní gbangba kó tó kú ní 1980 pé ọmọ tí wọ́n ń pè mọ́ òun lórúkọ yìí kì í ṣe ọmọ òun. Nígbà tó di 1976, wọ́n ti kọ́ mọ́ọ̀lù gìrìwò kan sí ẹ̀yìn Vienna náà.

Kí ló dé tí Dayton's fi gba orogún rẹ̀ wọlé?

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Dayton's ló ni ilẹ̀, Dayton's ló ni owó. Kí ló wá ṣe tó fi pe Donaldson's, tí wọ́n jọ ń bá ara wọn jà ní ìgboro, pé kó wá ṣí ilé ìtajà ńlá tirẹ̀ sí ìparí kejì Southdale?

Ẹ rántí ọjà ọba ní àwọn ìlú wa. Iwájú ààfin ni ọjà máa ń wà, torí pé kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dé ààfin. Ìyá oníṣu kò nílò láti kígbe pe ẹnikẹ́ni. Ọba ti bá a pè wọ́n. Ẹ̀yìn ìlú Edina kò ní ààfin. Ilé ìtajà ńlá ni wọ́n fi ṣe ààfin. Bí ààfin bá wà ní ìparí kan, tí òmíràn sì wà ní ìparí kejì, ẹni tó bá fẹ́ fi iye bàtà wéra gbọ́dọ̀ rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà já, yóò sì kọjá níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà láàárín. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kékeré yìí ló ń san owó gidi.

Bí ìṣirò ṣe ń lọ nìyí. Ìdákọ̀ró kì í fi bẹ́ẹ̀ san owó ilé. Nígbà míì owó táṣẹ́rẹ́ ló ń san lórí àyè tó fẹ̀ jù. Nígbà míì onílé á bá a dá owó ìkọ́lé. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ni ilé rẹ̀ àti ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ó dà bí olórin ńlá tí a pè sí òde ìnáwó. A kì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ olórin. A máa ń fi owó bẹ̀ ẹ́ ni, torí òun ló mú kí àwọn àlejò yòókù wá. Ṣọ́ọ̀bù kékeré, oníbàtà, onígíláàsì ojú, aládídùn, ń san owó tó wọ́n lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan nínú àyè tí wọ́n yá, ọ̀pọ̀ wọn á sì tún fún onílé ní ìpín nínú ohun tí wọ́n bá tà. Kí ni wọ́n ń sanwó rẹ̀? Ògiri àti òrùlé kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Èrò tí Dayton's àti Donaldson's ń fà wá ni wọ́n ń ra díẹ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn ayálégbé kékeré yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé: bí ìdákọ̀ró bá kúrò, owó tí mò ń san gbọ́dọ̀ wálẹ̀, tàbí kí n lè kó jáde láìjẹ gbèsè. Ẹ fi ìlà yìí sọ́kàn, òun ló máa pa mọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Brookdale.

Kí ló fà á tí ilé kan fi ń pààrọ̀ orúkọ?

Ẹni tó sọ pé Dayton's ni òun mọ̀ kò purọ́, ẹni tó sọ pé Marshall Field's ni òun mọ̀ náà kò purọ́. Ìdílé Dayton kò dúró sórí mọ́ọ̀lù nìkan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, wọ́n ṣí irú ọjà mìíràn ní Roseville, lẹ́yìn ìlú St. Paul: owó pọ́ọ́kú, ilé pẹlẹbẹ, kò sí àgbàlá òdòdó. Wọ́n sọ ọ́ ní Target. Ọdún yẹn náà ni Walmart àti Kmart bẹ̀rẹ̀. Ní 1969, Dayton's dára pọ̀ mọ́ Hudson's ti Detroit, wọ́n di Dayton Hudson. Ní 1990 wọ́n ra Marshall Field's ti Chicago. Láàárín gbogbo èyí, Target ń dàgbà bí ọmọ tó ga ju bàbá rẹ̀ lọ, títí tí odindi ilé-iṣẹ́ náà fi gba orúkọ ọmọ ní ọdún 2000. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n pa orúkọ Dayton's rẹ́, wọ́n kọ Marshall Field's sí i. Ní 2004, wọ́n ta Marshall Field's fún ilé-iṣẹ́ May. Ní 2005, Federated, tó ni Macy's, ra May. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, wọ́n kọ Macy's sí gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó ń ra aṣọ ní Southdale rí orúkọ mẹ́ta láàárín ọdún márùn-ún, kì í sì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú mọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ ló fà á. Ọwọ́ ló yí padà lókè lọ́hùn-ún.

Ti Donaldson's tún yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ Allied ló ni ín. Ní 1986, Robert Campeau, oníṣòwò ilẹ̀ láti Kánádà, fi owó yíyá ra Allied, ó sì ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀ láti fi san gbèsè. Báyìí ni Donaldson's ṣe bọ́ sọ́wọ́ ilé ìtajà Carson Pirie Scott ní 1987, tí orúkọ rẹ̀ sì parẹ́. Campeau ra Federated náà ní 1988. Ní oṣù Kìíní 1990, gbèsè gbé e ṣubú. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ńlá tí a ń sọ pé ojú ọjà ni wọ́n ti kú, inú ìwé gbèsè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn.

Brookdale: àbúrò tó kọ́kọ́ lọ

Dayton's kò dúró sí Southdale. Wọ́n kọ́ Brookdale ní 1962, Rosedale ní 1969, Ridgedale ní 1974. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí Minneapolis ká bí òrùka. Brookdale wà ní Brooklyn Center, àgbègbè tí ọ̀pọ̀ ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń gbé lónìí, Làìbéríà ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà níbẹ̀.

Bí Brookdale ṣe kú nìyí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀lù ṣe ń kú. Ìdákọ̀ró rẹ̀ ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ti lọ, ìlà inú ìwé àdéhùn yẹn á jí: oníbàtà á ní kí wọ́n dín owó òun kù, aládídùn á ní òun ń kó lọ. Owó tó ń wọlé fún onílé á dín, báńkì kò sì ní dín gbèsè tirẹ̀. Onílé á wá fi àtúnṣe òrùlé sí ọdún tó ń bọ̀. Òjò á máa jò, wọ́n á fi báàkẹ́tì sábẹ́ rẹ̀, oníbàárà á rí báàkẹ́tì náà, kò ní padà wá. Macy's ibẹ̀ kógbá sílé ní 2009. Ní 2010, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ọ̀lù náà.

Ṣùgbọ́n Sears tó wà lára rẹ̀ kò tì! Wọ́n wó mọ́ọ̀lù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Walmart kọ́ ilé síbẹ̀ ní 2012, Sears ṣì ń tà fún ọdún mélòó kan sí i. Ó dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú pé irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́: Sears ló ni ilé tirẹ̀. Ó dà bí ilẹ̀ ẹbí tó ní ìdí-igi mẹ́rin. Bí ìdí-igi mẹ́ta bá ta ìpín wọn, tí ẹ̀kẹrin kò fọwọ́ sí i, ilé tirẹ̀ dúró síbẹ̀ nìyẹn. Ìdí yìí gan-an ló tún fà á tí àwọn mọ́ọ̀lù tó ti kú fi ń dúró bí òkú tí a kò sin fún ọdún mẹ́wàá: títí gbogbo olóhun yóò fi fẹnu kò, kò sí ẹni tó lè wó o, kò sì sí ẹni tó lè tún un kọ́.

Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì ló pa wọ́n?

Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé. Àwọn mọ́ọ̀lù kan ti kú kí Amazon tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé ní 1995. Dixie Square, ní Harvey lẹ́bàá Chicago, ṣí ní 1966, ó sì tì ní 1978.

Bí ẹ bá bi mí, àpọ̀jù ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Mọ́ọ̀lù ń jẹ mọ́ọ̀lù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1992, Mall of America ṣí ní Bloomington, kò jìnnà rárá sí Southdale, pẹ̀lú ìdákọ̀ró mẹ́rin. Èrò kò pọ̀ sí i ní Minnesota nítorí ìyẹn; wọ́n kàn pín in ni. Lẹ́yìn náà ni Target àti Walmart, tí wọ́n gba ìkòkò, aṣọ ọmọdé àti aṣọ ìbora kúrò lọ́wọ́ àwọn ilé ìtajà ńlá. Ó yẹ kí a sọ ọ́ ketekete pé ọmọ Dayton's wà lára àwọn tó gba oúnjẹ lẹ́nu Dayton's. Gbèsè irú ti Campeau tẹ̀ lé e. Íntánẹ́ẹ̀tì wá bá wọn nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ti ń gbọ̀n. Sears sá tọ ilé ẹjọ́ lọ fún ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè ní oṣù Kẹwàá 2018, JCPenney ní oṣù Karùn-ún 2020, nígbà tí Kòrónà ti àwọn ilé ìtajà pa.

Ẹ jẹ́ kí n yára tan ìmọ́lẹ̀ sí "ààbò ilé ẹjọ́" yìí, torí ó máa ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn. Kò túmọ̀ sí pé ọjà ti tán. Ó túmọ̀ sí pé adájọ́ ní kí àwọn olówó dúró ná, kí ajigbèsè fi ètò rẹ̀ hàn. Àwọn kan jáde níbẹ̀ láàyè. JCPenney jáde, ẹ sì wo ẹni tó rà á ní òpin 2020: Simon àti Brookfield, àwọn tó ni ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀lù tí JCPenney wà nínú wọn. Onílé ra ayálégbé rẹ̀ kí ilé má baà wó. Simon yìí kan náà ló ni Southdale.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú jù tí mo mọ̀ ni Randall Park, lẹ́bàá Cleveland ní Ohio. Ní 1976, ọ̀kan lára àwọn mọ́ọ̀lù tó tóbi jù lágbàáyé ni, ilé ìtajà ńlá márùn-ún ló wà lára rẹ̀, nínú ìletò kan tí olùgbé rẹ̀ kò tó 2,000. Ó tì ní 2009, wọ́n wó o lulẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí Amazon ló sì wà lórí ilẹ̀ náà láti 2018. Owó orí ọlọ́jà ni irú ìletò bẹ́ẹ̀ fi ń sanwó ọlọ́pàá àti panápaná. Ẹni tó bá ń fi mọ́ọ̀lù òfìfo ṣẹ̀fẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó rántí èyí.

Bí ẹ bá tún gbọ́ pé Macy's ń lọ

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ni ilé tí Macy's wà. Bó bá jẹ́ ti Macy's fúnra rẹ̀, ó lè ta á fún ẹlòmíràn, onímọ́ọ̀lù kò sì ní agbára púpọ̀ lórí ohun tó máa dé síbẹ̀. Ẹ bèèrè iye ìdákọ̀ró tó ṣẹ́kù: mọ́ọ̀lù tó ní mẹ́rin lè pàdánù ọ̀kan kó sì máa mí, èyí tó ní méjì, kí àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tètè yọ ìwé àdéhùn wọn wò. Ẹ sì wo ohun tí onílé fi dí àyè náà. Ní Southdale, JCPenney kógbá kúrò ní 2017. Nígbà tó yá, wọ́n wó ilé rẹ̀, wọ́n kọ́ Life Time sí i, ibi eré ìdárayá ńlá tó ní ọ́fíìsì fún ìyálò, ó sì ṣí ní oṣù Kejìlá 2019. Ẹni tó ń gbé irin níbẹ̀ ń wá lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ra bẹ́ẹ̀dì tó bẹ́ẹ̀.

Ní 2014, ọdún 58 lẹ́yìn tí ibẹ̀ ṣí, wọ́n kọ́ fláàtì alájà púpọ̀ sórí apá kan ibi ìgbọ́kọ̀sí Southdale, níbi tí Gruen ti fẹ́ rí ìlú tí kò rí. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lè jí láàárọ̀, kó wọ bàtà, kó sì fẹsẹ̀ rìn dé inú àgbàlá náà láìfọwọ́ kan mọ́tò.